Hàsíátù, Ọmọ Elépo, àti Irin Inú Iléru Átọ́míìkì

Bí a bá ń ka àwọn ọmọ Ifangni, ní orílẹ̀-èdè Benin, tó lágídí, Hàsíátù ò ní kẹ́yìn. Ìyá rẹ̀, Sàdíátù, ń ta epo pupa lọ́jà, ìdí kẹ́ẹ̀gì epo sì ni ọmọ náà ti ń ka ìwé rẹ̀. Ó kàwé títí ó fi dé ilẹ̀ Faransé, ó ní irin lòun fẹ́ mọ̀.

Irin wo? Irin inú iléru átọ́míìkì, tí wọ́n fi ń ṣe iná mànàmáná lọ́hùn-ún. Inú ọ̀pá irin tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n ń kó ohun tó ń dáná níbẹ̀ sí. Ìtànṣán tí ojú ò rí á máa na irin náà tọ̀sán-tòru, títí irin ọ̀hún á fi gbó, tí á sì máa ṣẹ́. Hàsíátù ló ń mú èyí tó ti pẹ́ níbẹ̀, tó ń fà á títí yóò fi já, kí wọ́n lè mọ ìgbà tó yẹ kí wọ́n yọ àwọn tó kù. Ó ṣe é dópin. Ó wá ku kó dúró níwájú àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n, kí wọ́n bi í léèrè, kí wọ́n sì fi í jẹ dókítà. Ló bá ní òun fẹ́ wá bá ìyá òun ṣọdún Iléyá ná.

Wàhálà ti ń dúró dè é. Thérèse, tó ń ta gàrí lẹ́gbẹ̀ẹ́ Sàdíátù, ti lọ ya fọ́tò eegun ẹsẹ̀ ní ọsibítù kan ní Àjàṣẹ́, ó sì rí i tí wọ́n kọ ọ́ sẹ́nu ọ̀nà pé aláboyún ò gbọdọ̀ wọlé nítorí ìtànṣán.

"Ìyá Hàsíá," ló wí, "ohun tí wọ́n ní kí aláboyún má yọjú sí, òun lọmọ yín ń bá jókòó láti àárọ̀ dalẹ́! Ṣé ẹ ò fẹ́ ọmọ-ọmọ ni?"

Àyà Sàdíátù já. Bí wọ́n ti ṣọdún tán, ó yọ ìwé ìrìnnà ọmọ rẹ̀ nínú báàgì, ó dì í mọ́ ìdí ìró, ó bá òwò rẹ̀ lọ. Ẹni tó bá gbójú, kó wá tú ìró àgbàlagbà láàárín ọjà!

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, passeport mi. Soutenance mi ti dé tán, àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ń dúró dè mí."

"Wàá máa bá mi ta epo. Epo kì í ba ilé ọmọ jẹ́."

Ó dun Hàsíátù débi pé ó sunkún. Bó ti jókòó tó ń nu ojú, ìyá rẹ̀ ń fi àtàǹpàkò tẹ èjìká àwọn kẹ́ẹ̀gì òfìfo wò, bí àwọn elépo ti máa ń ṣe kí wọ́n tó rọ epo. Ọ̀kan là, pá! Sàdíátù jù ú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Kí ló ṣe é, Màmá?"

"Oòrùn ni. Ìwọ náà ò mọ̀ ni?"

"Ohun tí ìtànṣán ń ṣe fún irin nìyẹn. Èmi ni mò ń tẹ̀ ẹ́ wò. Àmọ́ mi ò fọwọ́ kàn án o. Gíláàsì tó nípọn bí ògiri ló wà láàárín èmi àti ẹ̀, ọwọ́ irin ni mo fi ń mú un. Ẹ̀rọ kékeré kan wà láyà mi tó ń ké tí ìtànṣán bá fẹ́ pọ̀ jù. Kò ké rí."

Sàdíátù tún mú kẹ́ẹ̀gì tó là náà, ó yẹ̀ ẹ́ wò. "Tí ẹnikẹ́ni ò bá tẹ̀ ẹ́ wò ńkọ́?"

"Ó lè là, kí oró inú ẹ̀ tú jáde."

"Sí àwọn èèyàn lára?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá."

"Donc, á jẹ́ pé torí kí ọmọ ọlọ́mọ má bàa kú lo ṣe wà níbẹ̀, Thérèse wá ní kí n dá ọ dúró!" Lójú gbogbo ọjà, ó tú ìdí ìró, ó fi ìwé ìrìnnà lé ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́.

Lọ́jọ́ tí àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ń bi í léèrè, Sàdíátù ò ta epo fún ẹnikẹ́ni. Gbogbo ìsọ̀ ló rọ̀gbà yí fóònù rẹ̀ ká, wọ́n ń wo Hàsíátù nílẹ̀ Faransé. Wọn ò gbọ́ Faransé ńlá ńlá tí wọ́n ń sọ, ṣùgbọ́n wọ́n rí i pé Hàsíátù ò wolẹ̀, ohùn rẹ̀ ò sì gbọ̀n. Nígbà tí àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n dìde, tí wọ́n pàtẹ́wọ́, ariwo sọ lọ́jà. Thérèse ló kọ́kọ́ fò sókè, kò tilẹ̀ rántí ẹsẹ̀ tó ń dùn ún.

Hàsíátù sún mọ́ fóònù, ẹkún ayọ̀ ò jẹ́ kó lè sọ̀rọ̀. Sàdíátù tún gèlè ṣe, ó tẹ́ ọwọ́ méjèèjì, ó sì rọra tẹ orúnkún, bí ẹni tó ń kí àgbà.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Dókítà."

"Ha, Màmá! Ẹ dìde, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ fún mi!"

"Ẹ jẹ́ kí n kí yín tẹ́rùn lónìí. Tílẹ̀ bá mọ́, wàá tún di ọmọ mi."