Ẹni Tó Dúró fún Mi ní Àpápá

Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ mí mọ̀ pé n kì í sọ ìsọkúsọ. N kì í mu ọtí. Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, ojú mi ló rí i, ojú màmá mi náà sì rí i. Ẹni tí kò bá fẹ́ gbà á gbọ́, kò kàn mí.

Ọdún kẹta lẹ́yìn òmìnira ni. Ajégúnlẹ̀ la ń gbé, lẹ́bàá Amúkòkò níbi tí màmá mi ti ń ránṣọ. Mo ti jáde ilé ìwé girama, iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ló wù mí kí n lọ kọ́ ní òkè òkun, ṣùgbọ́n ta ni yóò rán mi lọ? Màmá mi? Ẹ̀rọ tó fi ń ránṣọ gan-an, àyálò ni.

Ìgbà náà ni mo gbọ́ nípa ilé ìtọ́jú àwọn ọmọ aláàbọ̀ ara kan ní Dẹ́ńmáàkì, tó ń gba ọ̀dọ́ tó bá fẹ́ fi ọdún kan bá wọn ṣiṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Kò sí owó oṣù o. Wọ́n á fún ọ lóúnjẹ, wọ́n á fún ọ ní ibùsùn, owó ọkọ̀ òkun nìkan ni tìrẹ, àjọ tí màmá mi ń dá sì lè ká ìyẹn. Mo ní ọ̀nà mi ti là nìyí.

Wàhálà kan ló wà níbẹ̀. Fọ́ọ̀mù náà ní àfi kí n ní onídùúró, àgbàlagbà tó ń ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì, tí kò sì bá mi tan. Ta ni mo mọ̀? Pásítọ̀ wa ní òun kò lè fi orúkọ òun sórí ohun tí òun kò mọ ìdí ẹ̀. Tíṣà mi àtijọ́ ní kí n padà wá. Ọ̀gá kan ní Malu Road kò tilẹ̀ jẹ́ kí n jókòó.

Nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ méjì kí gbèdéke fọ́ọ̀mù náà pé, mo jókòó sábẹ́ igi fúrúùtù kan ní Àpápá GRA, mò ń sunkún. Ọlọ́dẹ ọ̀gá kan tí mo lọ bẹ̀ ló ṣẹ̀ṣẹ̀ lé mi. Ọkùnrin kan jáde láti bọ́ìsìkọ́tà ilé kejì, ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun báláú. Ilà mẹ́ta ló wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún rẹ̀, ẹyọ kan péré ló wà ní òsì, àfi bíi pé olóòlà pa iṣẹ́ tì.

Ó bi mí ohun tó dé, mo sọ gbogbo rẹ̀. Ó ní Àjàní ni òun, akọ̀wé ni òun ní ilé ẹrù kan ní wọ́ọ̀fù. Ó gba fọ́ọ̀mù náà, ó ń kà á lọ. Nígbà tó dé ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí pé onídùúró kò gbọdọ̀ jẹ́ ẹbí, kálàmù rẹ̀ dúró. Ó wò mí lójú, ó pẹ́. Lẹ́yìn náà ó buwọ́ lù ú.

Kí n tó kúnlẹ̀ dúpẹ́, ó ti kẹ̀yìn sí mi. Ó rọra sọ ọ́ bí ẹni tí kò fẹ́ kí ilé gbọ́.

"Má mú ẹnikẹ́ni wá dúpẹ́ lọ́wọ́ mi o. Màmá ẹ gan-an, má mú un wá."

Mo fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́ lọ́jọ́ kejì kí n tó sọ fún màmá mi. Màmá mi ẹ̀wẹ̀! Obìnrin tó jẹ́ pé bí o bá bu omi fún un lónìí, á tún wá kí ọ lọ́la pé o ṣé àná. Mo ní bàbá náà ní ká má wá. Màmá mi ní gbogbo èèyàn gidi ló ń sọ bẹ́ẹ̀, pé ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Mo tilẹ̀ dárúkọ bàbá náà, kò fura. Àjàní mélòó ló wà l'Ékòó? Mo jẹ́ kó borí mi, àṣìṣe mi nìyẹn.

Ọjọ́ Sátidé, ọ̀sán gangan, la débẹ̀. Màmá mi gbé àkùkọ kan há abíyá. Ọ̀gbẹ́ni Àjàní wà nídìí ẹ̀rọ omi, ó ń fọ ṣẹ́ẹ̀tì nínú báfù. Mo kí i, ó gbójú sókè.

Ẹ gbà mí gbọ́, n kò tíì rí kí ojú èèyàn yí padà bẹ́ẹ̀ rí. Àkùkọ bọ́ lábẹ́ apá màmá mi.

"Àṣàkẹ́," ọkùnrin náà sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, "ta ló ní kí o wá?"

N kò sọ orúkọ màmá mi fún un rí. Èmi gan-an kò tíì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni fi orúkọ yẹn pè é l'Ékòó.

Ó gbé ọwọ́ tó kún fún ọṣẹ lérí, ó gba ẹ̀yìn bọ́ìsìkọ́tà lọ. Mo sáré tẹ̀lé e. Ògiri ni mo bá, ògiri gíga tí wọ́n ri àfọ́kù ìgò mọ́ lórí, kò sí ilẹ̀kùn, kò sí ẹnikẹ́ni. Mo padà síwájú, omi ṣì ń dà lẹ́nu ẹ̀rọ, ọṣẹ ṣì ń hó lára ṣẹ́ẹ̀tì.

Dírẹ́bà ilé náà jáde wá. Ó ní ọdún mẹ́fà ni òun àti Ọ̀gbẹ́ni Àjàní ti jọ ń gbé ibẹ̀, pé àwọn jọ jẹ ẹ̀bà láàárọ̀ ọjọ́ náà ni.

Màmá mi ti jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Nígbà tó lè sọ̀rọ̀, ó ní ẹ̀gbọ́n òun ni, ọmọ ìyá òun, tó kú sí Ìṣẹ́yìn kí wọ́n tó bí mi. Inú rírun ló pa á, ojú òun ni wọ́n ṣe sin ín. Ó ní nígbà tí wọ́n ń kọ ọ́ nílà ní kékeré, ó dákú, ni bàbá wọn bá ní kí olóòlà dáwọ́ dúró.

Àkúdàáyà. Ẹ̀rín ni mo máa ń fi ọ̀rọ̀ yẹn rín tẹ́lẹ̀.

Oṣù kejì lẹ́yìn ìyẹn, lẹ́tà dé láti Dẹ́ńmáàkì pé wọ́n gbà mí. Ayọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí, títí mo fi ka ìsàlẹ̀ rẹ̀. Wọ́n ní kí n má fòyà, pé ẹ̀gbọ́n màmá mi, Ọ̀gbẹ́ni Àjàní, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wá bá wọn ṣiṣẹ́ ọ̀fẹ́ nínú ọgbà, ni yóò wá pàdé mi ní èbúté. Wọ́n ní ó ní kí n dá wá.

Èmi kọ́ ni mo sọ fún wọn pé ẹ̀gbọ́n màmá mi ni. Fọ́ọ̀mù tí mo fi ránṣẹ́ gan-an sọ pé onídùúró mi kò bá mi tan.

Mo ka lẹ́tà náà sí màmá mi létí. Mo rò pé ẹ̀rù á bà á. Ó kàn fi ìró nu ojú.

"Lọ," ló wí. "Bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n mi. N kò ráyè dúpẹ́ lọ́jọ́ yẹn."

N kò lọ. Lọ́jọ́ tí ọkọ̀ fọn fèrè ní Àpápá, mo gbọ́ ọ láti Ajégúnlẹ̀, mo fi ìrọ̀rí bo orí mi. Màmá mi bá mi bínú lórí ọ̀rọ̀ yẹn títí ó fi kú. Lẹ́tà náà ṣì wà nínú àpótí mi, n kò sì mọ̀ títí dòní bóyá ikú ni mo sá fún tàbí oore.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń wá iṣẹ́ ọ̀fẹ́ lọ sí òkè òkun, mo bẹ̀ yín. Bí àjèjì bá dúró fún yín, ẹ kúnlẹ̀ dúpẹ́ lójú ẹsẹ̀, ẹ má jẹ́ kó kọ́kọ́ kẹ̀yìn sí yín. Bó bá wá ní kí ẹ má mú ìyá yín wá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìyá yín sílé.