Orúkọ Tí Àwọn Pàǹyá Ń Pe Ejò

Ìyá Elépo ni ẹni tó kọ́kọ́ ṣẹ̀ mí láyé. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin ni, epo pupa ló ń tà lẹ́bàá ibùdókọ̀ ojú irin ní Ifọ̀. Mo mọ̀ pé “wọ́n” ló yẹ kí n máa pè é, ṣùgbọ́n mo ti dàgbà tó báyìí láti pè é ní “ó”. Kí àwọn ọmọ rẹ̀ tó bá ka ìwé yìí má bínú. Wọn kò sí nílé nígbà náà. Èmi ni mo wà níbẹ̀.

Bàbá mi ló mú mi wá sọ́dọ̀ rẹ̀ láti Mọ̀wé kí n lè kàwé, nítorí pé ní Mọ̀wé ìgbà náà, oko ló pọ̀, kò sí ilé ìwé nítòsí. Kí oòrùn tó yọ, mo ti pọn omi kún ìkòkò mẹ́ta, mo ti gbálẹ̀. N kò ráhùn. Ìwé dùn mọ́ mi ju oúnjẹ lọ.

Ní ọdún kejì mi níbẹ̀ ni àbúrò bàbá mi dé láti Pàǹyá, erékùṣù tí àwọn òyìnbó Sípéènì ń ṣàkóso, níbi tí àwọn èèyàn wa ti ń lọ ṣiṣẹ́ oko kòkó. Wọ́n rù kan eegun, wọ́n ń wúkọ́, àpótí páànù kan ṣoṣo ni wọ́n gbé dé. Àwọn tó ń retí ẹ̀bùn wá lẹ́ẹ̀kan, wọn kò padà wá mọ́. Èmi nìkan ni mo ń jókòó tì wọ́n. Bàbá Pàǹyá ni mo ń pè wọ́n.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, mo ń sọ fún wọn pé a rí ejò lọ́nà ilé ìwé. Ìyá Elépo gbá mi létí kí n tó sọ ọ́ tán.

“Ta ló kọ́ ọ kí o máa pè é lórúkọ nígbà tí ilẹ̀ ń ṣú? Okùn ilẹ̀ là ń pè é! Àbí o fẹ́ kó dá ọ lóhùn ni?”

Nígbà tó wọlé, mo bi Bàbá Pàǹyá léèrè ohun tí wọ́n ń pè é lọ́hùn-ún bí ilẹ̀ bá ṣú.

“Culebra. Lọ́sàn-án, lóru, culebra náà ni.”

“Kò ní èèwọ̀, Bàbá?”

“Orúkọ kò ní èèwọ̀ lọ́dọ̀ tiwọn. Iṣẹ́ oko wọn gan-an ni èèwọ̀.” Wọ́n rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gba ẹ̀rín náà lẹ́nu wọn.

Kò rọrùn láti pè. “Kulébúrà” ni mo ń sọ, wọ́n sì ń mi orí. “Ṣe bí ẹni tí òtútù ń mú ní ìparí rẹ̀, ọmọ mi. Bra. Bra.” Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi kọ́ mi, èmi ń ṣa ẹ̀wà, wọ́n ń yá oòrùn. Ìyá Elépo ń gbọ́ wa. Òun náà tiẹ̀ bi wá léèrè pé, “Kulé kí ni? Torí ejò lásán? Orí ẹ̀yin méjèèjì ti dàrú.” Mo ń sọ èyí kí ẹ lè mọ̀ pé ó mọ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ náà.

Kò pẹ́ lẹ́yìn ìyẹn, lẹ́yìn ìrun àṣálẹ́, Ìyá Elépo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti ṣa igi ìdáná. Mo rí i lẹ́yìn ẹsẹ̀ rẹ̀, dúdú, ó ká jọ. “Ejò” fẹ́ jáde lẹ́nu mi. Mo rántí ìgbátí, mo gbé e mì. “Okùn ilẹ̀” kò tilẹ̀ wá sí mi lọ́kàn. Èyí tí kò ní èèwọ̀ ló bọ́ jáde. “Culebra! Culebra!” Mo pè é dáadáa, bí àwọn Pàǹyá ṣe ń pè é. Ó gbé orí sókè wò mí, ó fi ẹsẹ̀ sẹ́yìn, ejò náà sì bù ú jẹ.

Kò kú. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wú fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ẹnikẹ́ni tó bá wá kí i, ó ń sọ fún un pé, “Ọmọ yìí ló fi orúkọ òyìnbó pè é, ló fi dá a lóhùn. Ìwé tó ń kà ló sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀.” Ọjọ́ tó lè rìn, ó kó síléètì mi sínú àpótí rẹ̀, ó sì tì í. Ó ní mi ò ní lọ sílé ìwé mọ́.

Bàbá Pàǹyá dọ̀bálẹ̀ gbalaja, pẹ̀lú àyà wọn tí kò dá. “Ẹ̀gbọ́n mi, èmi ni mo kọ́ ọ. Èmi ni kí ẹ bínú sí. Ẹ jẹ́ kí ọmọ kàwé.”

“Dìde ńlẹ̀, má wúkọ́ sí mi lára.”

Ejò ti wà nínú igi yẹn kí n tó la ẹnu. Síbẹ̀, ọdún méjì gbáko ni mo fi ru gáráwá epo lọ sí ibùdókọ̀, tí àwọn ẹgbẹ́ mi ń gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá lọ sílé ìwé. Bàbá Pàǹyá ló fi ẹsẹ̀ rìn lọ bá bàbá mi ní Mọ̀wé nígbẹ̀yìn. Wọ́n jókòó sínmi lọ́nà títí ọ̀nà náà fi gbà wọ́n ní ọjọ́ méjì. Bàbá mi wá mú mi lọ sí Owódé, mo sì jókòó láàárín àwọn ọmọ tí orí wọn kò ju èjìká mi lọ. Kí n tó gba ìwé ẹ̀rí, Bàbá Pàǹyá ti kú.

Olùkọ́ ni mo dà. Nígbà tí Ìyá Elépo darúgbó, tí kò lè dìde lórí ẹní mọ́, mo lọ kí i. Mo kúnlẹ̀, torí bí wọ́n ṣe tọ́ mi nìyẹn. Mo bi í léèrè bóyá ó gbà lóòótọ́ pé èmi ni mo pe ejò sí i.

“Mo mọ̀ pé o kò pè é,” ó ní. “Àwọn ọmọ mi ti lọ nígbà náà, ẹsẹ̀ ń ro mí. Bí ìwọ náà bá lọ, ta ni ì bá máa bá mi ru epo?”