Náílọ́ọ̀nù Tí Kò Gbé Iná Lọ́wọ́ Mi

Ọjọ́ Ẹtì ni oṣù mẹ́fà tí wọ́n fi ń dán mi wò lẹ́nu iṣẹ́ yóò pé, ní ọjọ́ Ajé mítà tí a fi ń wọn iná ṣì ń wò mí bí ẹni tí kò mọ̀ mí rí. Bí iṣẹ́ mi kò bá yanjú, ìdí káàdì fóònù tí mò ń tà tẹ́lẹ̀ ní Tẹ̀dé ni màá padà sí. Ẹ̀rù bà mí, ẹ má jẹ́ n purọ́.

Gbogbo ayé ló mọ̀ pé náílọ́ọ̀nù kì í gbé iná mànàmáná. Ṣùgbọ́n ní ilé ìdánwò wa ní Ṣakí, à ń sun èèpo kaṣú di èédú nínú iná gbígbóná gan-an, à ń lọ̀ ọ́ títí ẹyọ rẹ̀ fi kéré ju ohun tí ojú lè rí lọ, à ń pò ó mọ́ náílọ́ọ̀nù piọ́ wọ́tà tó ti yọ́, a ó sì tẹ̀ ẹ́ pẹlẹbẹ. Fi èédú díẹ̀ sí i, iná kò kọjá. Fi díẹ̀ kún un, kò kọjá. Tún fi bíńtín kún un, wéré, ó kọjá! Àlàájì, ọ̀gá mi, sọ pé ìgbà yẹn ni àwọn ẹyọ èédú ṣẹ̀ṣẹ̀ fọwọ́ kan ara wọn láti etí kan dé èkejì. Ọjọ́ tó sọ ọ́, mo gbàgbé oúnjẹ ọ̀sán.

Àmọ́ inú abọ́ èédú kan náà ni èmi àti Àlàájì ti ń bù ú. Tirẹ̀ á gbé iná, tèmi á dákẹ́.

"Ìyá Bọ́lá, ṣé o pò ó dáadáa?"

"Títí apá fi ń ro mí, Àlàájì."

"Hùn-ún."

Hùn-ún yẹn bí mi nínú. Mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ bàbá náà bí ẹni ń ṣọ́ olè.

Ní Ọjọ́rú, ó ṣe àlùwàlá, ó nu ọwọ́ gbẹ, ó kírun ọ̀sán, ó fi náílọ́ọ̀nù tirẹ̀ há àárín irin méjì tí a fi ń wọn iná. Ó kọjá. Èmi náà nawọ́ sí tèmi, ni mo bá rí ọwọ́ mi. Tirẹ̀ mọ́, ó sì gbẹ; àmọ́ ọyẹ́ ń mú, ọwọ́ tèmi sì ń dán bí àkàrà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò nínú epo.

Òrí! Láti kékeré ni mo ti ń fi para lásìkò ọyẹ́, ìgò rẹ̀ kì í kúrò lórí tábìlì mi. Òrí kì í sì í gbé iná. Yéè, mo ti fi kun iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ méjì gbáko!

Mo fi ọṣẹ fọ gbogbo wọn, mo sá wọn gbẹ, mo wọ̀n wọ́n. Mítà fò. Inú mi dùn débi pé mo pariwo.

Mo jẹ́wọ́ fún Àlàájì, mo rò pé yóò rẹ́rìn-ín. Kò rẹ́rìn-ín. Ó mú ìgò òrí náà, ó yí i sọ́tùn-ún sósì.

"Rìsíkátù tó wà níbí ṣáájú rẹ," ó ní, "ọwọ́ tirẹ̀ náà máa ń dán. Èmi ni mo lé e lọ lọ́yẹ́ tó kọjá. Mo ní kò mọṣẹ́."

Ó mú fóònù, ó jáde. Mo gbọ́ ohùn àgbàlagbà náà lẹ́yìn ilẹ̀kùn: "Ọmọ mi, jọ̀ọ́, má bínú. Èmi ni n kò wádìí."

Wọ́n fún mi ní lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́ mi lọ́jọ́ Ẹtì. Àwa méjì la ń wọn náílọ́ọ̀nù báyìí, èmi àti Rìsíkátù tí Àlàájì pè padà sẹ́nu iṣẹ́. Ọṣẹ ló wà lórí tábìlì níbi tí òrí wà tẹ́lẹ̀, Àlàájì fúnra rẹ̀ ló sì ń rà á.