Gìtá Tí Mo Fi Dọ̀bálẹ̀

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ lọ tọrọ ìbò ní wọ́ọ̀dù wa ní Ilé-Ifẹ̀, gìtá ló wà lọ́rùn mi. Ibi ìdánrawò ni mo ti ń sáré bọ̀. Orin rọ́ọ̀kì ni mò ń kọ, irú èyí tó jẹ́ pé tí a bá bẹ̀rẹ̀, màmá mi á ní kí n lọ wò ó bóyá ẹ̀rọ ìlọta ló bàjẹ́. Èmi ni mo kọ́kọ́ fi yunifásítì sílẹ̀. Wọ́n kàn fi lẹ́tà kín mi lẹ́yìn ni.

Afárá onípákó kan ló gbé mi dé ìdí òṣèlú. Òun làwọn ọmọ iléèwé àdúgbò wa ń gbà kọjá odò, àwọn pákó ẹ̀ sì ti ń jábọ́. Tí òjò bá ti rọ̀, àwọn òbí á dúró sínú omi, wọ́n á máa gbé ọmọ fún ara wọn títí dé òdìkejì. Èmi náà gbé títí. Mo wá ní kí n di kánsẹ́lọ̀ kí ẹ̀yìn mi lè sinmi.

Àwọn àgbà onílé ti jókòó lábẹ́ igi máńgòrò. Bàbá Àlàdé, ọ̀gá iléèwé mi nígbà kan, ni alága wọn. Bí mo ṣe rí wọn, mo dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ. Mo gbàgbé pé gìtá wà láyà mi. Ọrùn ẹ̀ dá kẹ́ẹ́! Okùn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ké bí ewúrẹ́ tí wọ́n tẹ̀ nírù.

"Kí nìyẹn?" Bàbá Àlàdé bèèrè.

Mo ṣì wà nílẹ̀. "Ẹ kú ìjókòó sà. Ẹ má bínú, gìtá mi ló kú."

"Ṣé àwa la máa sin ín ni? Dìde jàre. Ìwọ tó ò parí ìwé, kí lo mọ̀ nínú òṣèlú?"

"Ọkùnrin kan wà ní Skọ́tílándì sà, olórin rọ́ọ̀kì bíi tèmi ni, ó sì padà di òṣèlú."

"Ṣé Skọ́tílándì ni afárá wa wà?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín débi pé fìlà ẹnì kan já bọ́. Mo mọ̀ pé mo ti wọ gàù. Àfi Ìyá Ràbí, tí àwọn ọmọọmọ wọn ń gba odò yẹn, ni wọn ò rẹ́rìn-ín.

"Àwọn tó wá ṣáájú ẹ̀, inú mọ́tò ni wọ́n ti juwọ́ sí wa," ni wọ́n wí. "Eléyìí kí wa débi tó fi ṣẹ́ irin iṣẹ́ ẹ̀. Ẹ jẹ́ ká rán an."

Bí mo ṣe wọlé nìyẹn.

Nígbà tí mo sọ̀rọ̀ afárá ní káńsù, ọ̀gá tó ń rí sí iṣẹ́ òde ṣí fáìlì. "Ọ́nárébù, ó wà níbí pé afárá yẹn ṣì dára."

Gbogbo kánsẹ́lọ̀ tó kù mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Mo wá rántí Ẹ̀gbọ́n Ṣọjí tó kọ́ mi ní gìtá. Kí eré tó bẹ̀rẹ̀, á fà mí sọ̀kalẹ̀ lọ sẹ́yìn gbọ̀ngàn pátápátá. "Orí ìtàgé ò lè sọ fún ẹ pé orin dáa," ló máa ń wí. "Lọ dúró síbi tí ẹni tó jìnnà jù máa jókòó." Ohun tí àwa olórin ń pè ní sáúńdì ṣẹ́ẹ̀kì nìyẹn.

Mo ní, "Ẹ̀yin àgbà, ẹ jẹ́ ká lọ ṣe sáúńdì ṣẹ́ẹ̀kì." Ẹnì kan ti ń fọwọ́ dí etí, ó rò pé mo fẹ́ kọrin.

Odò ni mo kó wọn lọ, lásìkò tí iléèwé ń jáde. Òjò ti rọ̀ lánàá, àwọn òbí ti wà nínú omi. Obìnrin kan ò bèèrè ẹni tí ẹnikẹ́ni jẹ́. Ó gbé ọmọ lé ọ̀gá onífáìlì lọ́wọ́.

"Ẹ gbà á sà. Ẹ má jẹ́ kí báàgì ẹ̀ wọ omi o."

Ọ̀gá wọ odò tòun ti bàtà. Nígbà tí wọ́n fi máa padà dé, fáìlì ti rin gbingbin lábẹ́ abíyá wọn. "Kánsẹ́lọ̀," ni wọ́n wí, "mo ti gbọ́."

Afárá yẹn ti di kọnkéré báyìí. Mo ti kọrin níwájú èrò rí, àmọ́ kò sí àtẹ́wọ́ tó dùn létí mi tó ìró bàtà àwọn ọmọ yẹn lórí ẹ̀.

Lọ́jọ́ tí wọ́n ṣí i, wọ́n ní kí n wá ta gìtá, èyí tí káfíńtà ti fi gúlúù lẹ̀ lọ́rùn. Ohùn ẹ̀ ti yí, ṣùgbọ́n tèmi náà ò dáa rí. Bí mo ṣe rí Bàbá Àlàdé, mo ti ń tẹ̀ síwájú láti dọ̀bálẹ̀. Wọ́n di èjìká mi mú.

"Dúró ná. Gbé e wá."

Wọ́n yọ gìtá lọ́rùn mi, wọ́n fọwọ́ méjèèjì gbé e bí ọmọ tuntun. Wọ́n ní, "Ó yá, kí wa."