Ológbò Tí Kò Lè Dá Tọ̀

Àwọn ará ilé wa ní Ìbà máa ń pe ológbò mi ní arọ. Mo máa ń tún un ṣe fún wọn. Kì í ṣe arọ. Ó ń rìn; ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀ ń rìn bí ti ológbò, méjèèjì ẹ̀yìn ń fò pọ̀ bí ti ehoro. Kò ní ìrù. Inú kọ́bọ́ọ̀dù tí a ń kó ṣọ́ọ̀kì sí nílé ìwé ni ìyá rẹ̀ bí i sí, òun àti àwọn mẹ́ta mìíràn. Àwọn olùkọ́ kó àwọn mẹ́ta lọ nítorí eku ilé wọn. Ẹ̀kẹrin yìí ṣẹ́kù, ọwọ́ mi sì ni kọ́kọ́rọ́ kọ́bọ́ọ̀dù wà.

Dókítà ẹranko kan ní Òkòkòmàíkò ló sọ ohun tó ṣe é. Ó ní láti inú ìyá rẹ̀ ni eegun ẹ̀yìn rẹ̀ kò ti pé, pé kò sí oògùn rẹ̀, àti pé kò ní lè dá tọ̀ láéláé. Èèyàn ni yóò máa fi ọwọ́ tẹ àpòòtọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́. Mo béèrè pé bí wọn kò bá tẹ̀ ẹ́ ńkọ́. Ó ní yóò kú, bóyá láàárín ọjọ́ méjì. Ó fọ ọwọ́ rẹ̀, ó pe ẹni tó kàn.

Mo ṣe ètò àkókò fún un: aago mẹ́fà àbọ̀ àárọ̀, àsìkò ìsinmi ilé ìwé, àti lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́. Ìyàwó mi wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ní Abẹ́òkúta nígbà náà, nítorí náà èmi ni mo ń gun kẹ̀kẹ́ sáré wálé lọ́sàn-án. Ọ̀gá ilé ìwé bi mí pé kí ni mò ń lọ ṣe lójoojúmọ́. Mo ní mò ń tọ́jú ẹnì kan tí ara rẹ̀ kò yá. Ó ní kí n má pẹ́.

Lọ́dún kejì, lẹ́tà dé pé kí n wá máàkì ìwé ìdánwò ní Ìbàdàn fún ọjọ́ mẹ́fà. Mo ka iye ìgbà tí ológbò náà yóò fẹ́ tọ̀ kí n tó dé. Méjìdínlógún ni.

Ẹnì kan ṣoṣo nínú ilé náà ló mọ bí wọ́n ṣe ń tẹ ikùn: ìyá àgbà kan tí yàrá wọn kàn tèmi, agbẹ̀bí ìjọ aláṣọ funfun. Àmọ́ wọn kò fẹ́ràn ológbò. Bó bá kọjá níwájú wọn nígbà tí wọ́n ti wọ sùtánà, wọ́n á padà lọ wẹ̀.

Mo gbé e lọ bá wọn ní ẹ̀yìnkùlé, níbi tí wọ́n ti ń ṣa ẹ̀wà.

"Tíṣà, ta ló gé e nírù?"

"Kò sẹ́ni tó gé e, mà. Bí wọ́n ṣe bí i nìyẹn."

"Kò nírù, kò lè pa eku, kò lè tọ̀. Kí ló wá kù tó fi jẹ́ ológbò?"

"Ó ń jẹun dáadáa, mà."

"Mo rí ìyẹn."

Wọ́n ní kí n ṣe é kí wọ́n rí i. Mo gbé e lé itan, mo bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́. Ó máa ń gbà mí ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Wọn kò jẹ́ kó tó méjì.

"Ó tó, ó tó. Agogo kẹ̀kẹ́ ni?"

Wọ́n ti àwo ẹ̀wà sẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n gba ológbò. "Dúró kó mí síta ná. Tó bá ti mí síta, ikùn á rọ̀. Ìgbà yẹn lo máa tẹ̀ ẹ́. Wò ó."

Ó tọ̀ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó sì gbé orí lé ọwọ́ wọn. Ọdún kejìlá tí mo ti ń ṣe olùkọ́ nìyẹn. Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti tún iṣẹ́ mi ṣe.

"Kò gbọdọ̀ wọ yàrá mi," ni wọ́n wí. "Tí mo bá sì ti wọ sùtánà, mi ò ní fọwọ́ kàn án."

Mo kọ ètò náà sílẹ̀ fún wọn ní ìlà mẹ́sàn-án, mo fa ìlà pupa sábẹ́ àwọn wákàtí. Wọn kò mọ̀wé kà. Wọ́n gbà á, wọ́n dúpẹ́, wọ́n fi bo ife tó wà lórí àmù.

Ní Ìbàdàn, tó bá ti di àsìkò ìsinmi, ọwọ́ mi á kàn dúró lórí ìwé ìdánwò.

Nígbà tí mo dé, ológbò kò sí lẹ́nu ọ̀nà mi, kò sí ní ẹ̀yìnkùlé. Mo rí ọkọ́ tí wọ́n fi ti ògiri, mi ò sì fẹ́ wò ó lẹ́ẹ̀kejì. Mo lọ kan ilẹ̀kùn ìyá agbẹ̀bí. Wọ́n ṣí i, mo dọ̀bálẹ̀ kí wọn. Ibi tí mo dọ̀bálẹ̀ sí ni mo ti rí i lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì wọn, tó ń wò mí.

"Rọra sọ̀rọ̀," ni wọ́n wí. "Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹun ni."

Wọ́n sọ fún mi pé lọ́jọ́rú, obìnrin kan ń rọbí ní ṣọ́ọ̀ṣì láti òwúrọ̀, sùtánà sì wà lọ́rùn wọn. Nígbà tó di ọ̀sán, wọ́n bọ́ ọ, wọ́n wálé, wọ́n tẹ ológbò, wọ́n wẹ̀, wọ́n tún un wọ̀, wọ́n padà lọ.

"Àwọn ẹbí rẹ̀ bi mí pé níbo ni mò ń lọ. Mo ní ẹnì kan wà ní yàrá mi tí kò lè tọ̀. Wọ́n ní ẹ pẹ̀lẹ́."

"Obìnrin náà ńkọ́, mà?"

"Òun lè dúró."

Láti ìgbà náà wọ́n gba tọ̀sán lọ́wọ́ mi. Ọ̀gá ilé ìwé ṣàkíyèsí pé mi ò gun kẹ̀kẹ́ lọ sílé mọ́, ó béèrè aláìsàn mi. Mo ní ó ti wà lọ́wọ́ agbẹ̀bí. Ó bọ̀ mí lọ́wọ́, ó kí mi kú oríire, agogo sì lù kí n tó ṣàlàyé. Lọ́jọ́ Jímọ́ọ̀, àwọn olùkọ́ fún mi ní ṣọ́ọ̀lù ọmọ tuntun. Mo tún ọ̀rọ̀ náà ṣe fún wọn létòlétò. Wọ́n ní kí n ṣáà máa gbé e lọ.

Ìyá agbẹ̀bí ṣẹ́ ṣọ́ọ̀lù náà po sí méjì, wọ́n tẹ́ ẹ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ọdún méje ni ológbò náà fi sùn lórí rẹ̀.