Olú Inú Òkun Dé Ọjà Tchaourou

Adjara kò ka iṣẹ́ tí Faridath ọmọ rẹ̀ ń ṣe ní Kùtọnu sí iṣẹ́ gidi. Láti ìgbà ọmọge ni òun ti ń sá èlùbọ́ tà ní Tchaourou, ọdọọdún ló sì ń bá ohun funfun, ọmọ ìyá olú, tó ń mú iṣu bu wọ̀yá ìjà. Kí ọmọ tí òun rán níléèwé gíga wá máa ha irú nǹkan bẹ́ẹ̀ lára igi tí òkun gbé jù sétí omi, kó máa bọ́ ọ nínú ìgò, kó ní òun ń wá oògùn nínú rẹ̀, ìyẹn kò yé e. Bí wọ́n bá bi í léèrè, á ní ọmọ òun ń jókòó ṣiṣẹ́ ní bírò.

Lọ́jọ́ ọjà kan, Bassirou, ará Alafiarou, gbé alùpùpù dé ẹ̀gbẹ́ ojú irin, ó to ìgò sórí tábìlì, ó sì ń fi ẹ̀rọ gbohùngbohùn pariwo pé olú inú òkun ni òun ń tà, pé ó ń wo ìtọ̀ ṣúgà àti egbò tó ti rà. Adjara wo bàtà rẹ̀ tó ń dán, ó yínmú.

Ọkùnrin náà ti gbọ́ nípa Faridath. Ó wá sí ìsọ̀ Adjara, ó bẹ̀ ẹ́ kó ṣáà sọ pé ọmọ òun ló ṣe oògùn náà. Adjara kò tilẹ̀ wò ó lójú. Nígbà tí Bassirou lọ tán, ìyá náà pe Faridath lórí fóònù, ó bi í bóyá nǹkan rẹ̀ ti ń wo ènìyàn.

Faridath ní ọ̀kan nínú àwọn olú òun ń pa kòkòrò egbò tí oògùn ilé ìwòsàn kò ràn mọ́, àmọ́ inú àwo níbi iṣẹ́ ló ti pa á, ó sì pa àwọn eku tí wọ́n fún pẹ̀lú. Àwọn ṣì ń wá bí àwọn yóò ṣe yọ oró rẹ̀ kúrò.

"Màmá, ẹnikẹ́ni ò tíì fi kan ẹnu."

Adjara lọ síbi tábìlì, ó gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn.

"Ọmọ mi ló ń ṣe iṣẹ́ yìí," ó ní. "Ó ti pẹ́ lẹ́nu ẹ̀, kò tíì wo ẹnì kankan sàn. Eléyìí ló wá ti wo gbogbo yín. Bassirou, apá ibo ni òkun wà?"

Bassirou nawọ́ sí ọ̀nà Parakou, níhà àríwá, níbi tí èèyàn lè rìn títí kó má rí òkun. Àwọn èrò ọjà bú sẹ́rìn-ín. Ó ní inú àwọn ìyá àgbà kì í dùn sí ìlọsíwájú ọmọ ẹlòmíràn, ó sì palẹ̀ ìgò mọ́.

Ṣùgbọ́n Chérifatou, àbúrò Adjara tí egbò wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ti ra ìgò kan, ó fi pamọ́ sábẹ́ aṣọ. Adjara gbà á, ó dà á sí gọ́tà. Lọ́jọ́ kejì ó mú un lọ wẹ egbò nílé ìwòsàn.

Nígbà tí wọ́n padà délé, Adjara pe Faridath. Ó ní ṣé èyí tó ń pa kòkòrò egbò yẹn ṣì wà láàyè. Faridath ní ó wà.

"Má jẹ́ kó kú," Adjara ní. "Iṣẹ́ ìdọ̀tí ni ṣá."