Orin Tó Wà Nínú Gbogbo Fóònù Wa

Ẹni ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́ta ni mí, mo ṣì ń kọ́ni ní Kábà, nígbà tí pálọ̀ mi kún fún òórùn páálí tuntun àti ọ̀rá tí wọ́n fi di àwo orin. Àbúrò mi obìnrin ló kọ orin náà, ní èdè Òwé wa. Máàkẹ́tà tó náwó sí i ti ṣèlérí pé bí àwo yìí bá tà, òun yóò gbé ìyá wa lọ sí sitúdíò ní Ìlọrin, kí ó lọ kọ orin àwọn ìyá àgbà sílẹ̀. Ìyá nìkan ló kù tó mọ̀ wọ́n dé ìparí, àyà sì ti ń dùn ún. Ohùn rẹ̀ ń fẹ́lẹ́ sí i lójoojúmọ́.

Láìpẹ́, orin àbúrò mi gba ìlú. Ọlọ́kadà ń gbé e kọjá, wọ́n ń fi í bó ẹ̀gẹ́ ní Ayéwá. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó ń jó bó ṣe ń gbálẹ̀. Àfi bí máàkẹ́tà ṣe kó páálí àwo tí kò tà padà wá bá mi, tó kí mi bí a ṣe ń kíra nílẹ̀ wa:

"Tísà, okun o. Orin yín wà lẹ́nu gbogbo ayé, àwo yín wà nínú páálí. Ẹ má bínú, mi ò lè ṣe àwo kejì, ti Ìyá."

Mo wádìí ẹni tó ṣe wá léṣe. Kì í ṣe ọ̀tá. Àwọn ẹbí wa ló ń fi orin náà ránṣẹ́ síra wọn láti orí fóònù dé orí fóònù, tayọ̀tayọ̀. Mo pè wọ́n jọ. Àbúrò bàbá wa rẹ́rìn-ín sí mi.

"Tísà, ta ló ń ra iṣu lóko ọmọ rẹ̀?"

"Bàbá, ẹni tó bá wa iṣu lóko ọmọ rẹ̀ a máa fi èbù sílẹ̀ fún un."

Ìyàwó ilé wa kan gbà á lẹ́nu mi: "Bí kò bá sí fóònù, ẹ̀gbọ́n, ta ni ìbá mọ̀ ọ́n ní Ìyámoyè?"

Òótọ́ ló sọ, n kò sì jiyàn. Ṣùgbọ́n òkìkí kò gbé ìyá wa dé Ìlọrin. Nígbà tí mo padà lọ bẹ máàkẹ́tà, àwo ti kúrò ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ṣájà fóònù ló ń tà.

Àbúrò mi wá kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn Ìyá, ó na fóònù tirẹ̀ sí i. "Ìyá, ẹ dákun, ẹ kọ orin ẹyọ kan péré sí i." Ìyá wo fóònù náà bí ẹni wo ejò.

"Kí n kọrin sínú ohun tó jẹ iṣẹ́ ọmọ mi run? Kí wọ́n tún wá sọ tèmi di ọ̀fẹ́? Rárá o."

Àbúrò mi sunkún, èmi náà bẹ̀ ẹ́ títí. Ìyá kọjú sí ògiri. Ọyẹ́ ọdún náà kò kásẹ̀ nílẹ̀ kí Ìyá tó lọ.

Níbi ìsìnkú, àwọn obìnrin ilé dìde láti fi orin rẹ̀ sin ín. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ dáadáa, wọ́n dé àárín, wọ́n dúró. Kò sẹ́ni tó mọ èyí tó kàn. Ẹnìkan sáré yọ fóònù, orin àbúrò mi ló jáde. Àbúrò bàbá wa wò mí.

"Tísà, ti ìyá yín ńkọ́?"

"Kò sí, Bàbá."

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ fi tiwa kọ́gbọ́n. Bí ọmọ ilé yín bá kọrin, ẹ kọ́kọ́ rà á kí ẹ tó pín in. Owó tí ẹ bá fi rà á ni èbù.